Àmì X pupa lára ògiri n'Ìkẹ́rẹ́: Ta ló di máàpù Nàìjíríà mú?

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ láti Àkúrẹ́ sí Adó, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sí lára. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ni ín. Màmá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìrẹsì, ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ ni Màmá Àgbà ń tà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá wọn ló kọ́ ilé náà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó kọ X náà dé, wọ́n ní ìjọba fẹ́ fẹ ọ̀nà. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n wọ mọ́tò wọn, ó parí. Ọdún kẹjọ rèé. Kò sẹ́ni tó wó ṣọ́ọ̀bù náà. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Kò sì sẹ́ni tó padà wá pa àmì náà rẹ́.

Ẹ má rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn o. Òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Màmá Àgbà fẹ́ pààrọ̀ páànù, àwọn ará àdúgbò ní, “Ṣé ẹ fẹ́ fowó ṣòfò ni?” Wọ́n fẹ́ yáwó lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí ilé dúró fún owó náà. Àwọn tó wá yẹ ilé wò rí X, wọ́n pòṣé, wọ́n lọ. Télọ̀ tó háyà yàrá kejì náà kó jáde, ó ní òun ò fẹ́ kí katapílà bá òun lẹ́nu iṣẹ́. Títí dòní, yàrá yẹn ṣófo.

Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan: “Ọkọ mi, ìwọ lo kàwé òfin. Ta ni mo lè lọ bá pé kó wó o, tàbí kó pa á rẹ́?” Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé ẹ̀rí òfin mi wà lára ògiri nílé, àmọ́ mi ò rí orúkọ kan dá fún wọn. Ìdí tí mi ò fi rí i ni mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí.

Ọ̀nà ti Àbújá, ilẹ̀ ti gómìnà

Títì tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe ti Ìkẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìwé òfin ọdún 1999 ló fi gbogbo ọ̀nà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá pè ní ọ̀nà àpapọ̀ sábẹ́ Àbújá, láti orí kíkọ́ dé orí àtúnṣe. Ọ̀nà yìí ló so Àkúrẹ́ mọ́ Adó, olú ìlú ìpínlẹ̀ méjì tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo títí di ìgbà tí wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀ lóṣù Kẹwàá ọdún 1996. Ìkẹ́rẹ́ ló wà láàárín. Tírélà sìmẹ́ǹtì, ọkọ̀ epo, ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwọn tó ń gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sọ́jà, àárín ìlú ni gbogbo wọn ń gbà. Ìkéde pé wọ́n máa sọ ọ́ di ọ̀nà alápá méjì, kí lílọ yà sọ́tọ̀ kúrò lára bíbọ̀, ti jáde lẹ́nu ìjọba tó ju ọ̀kan lọ.

Ilẹ̀ tí wọ́n máa fẹ ọ̀nà náà sí wá ńkọ́? Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ Àbújá. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà. Bí ìjọba àpapọ̀ bá nílò ilẹ̀, gómìnà ló máa bá wọn gbà á lọ́wọ́ onílẹ̀.

Ta ló wá ní àṣẹ láti sọ pé ibí ni ọ̀nà máa gbà, ibí ni ọjà, ibí ni iléeṣẹ́, ibí ni oko? Ní 1992, ìjọba ológun ṣe òfin kan lórí ètò ìlú àti agbègbè. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ ní ètò ìlò ilẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí ìpínlẹ̀ ní tiwọn, kí ìjọba ìbílẹ̀ náà ní tiwọn. Lórí ìwé, ó dára. Àmọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, nígbà tó sì di 2003, àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú kò sí lára ohun tí ìwé òfin fún Àbújá. Ti ìpínlẹ̀ ni. Agbègbè olú ìlú orílẹ̀-èdè nìkan ni ìjọba àpapọ̀ ti lè ṣe é.

Mi ò bá àwọn adájọ́ jà. Bí òfin ṣe wà ni wọ́n ṣe kà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù: ẹni tó ni ọ̀nà kò ní ilẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ kò ní ọ̀nà, kò sì sí òfin tó fipá mú àwọn méjèèjì láti ya máàpù kan náà.

Ẹnì kan lè ní, “Ṣebí a ní ètò.” A ní in lóòótọ́. Ní 2014, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò ọgbọ̀n ọdún lórí ohun amáyédẹrùn, tó máa parí ní 2043. Iná, ọ̀nà, rélùwéè, omi, iye owó tí a máa ná lórí wọn, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ètò ìnáwó ni. Kò sọ fún ará Ìkẹ́rẹ́ pé ilẹ̀ báyìí la máa lò, ọdún báyìí la máa lò ó, ẹni báyìí ló máa sanwó rẹ̀.

Apá tó ń dùn mí jù nínú òfin náà rèé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé bí ìjọba bá gba dúkìá ẹnì kan, kí wọ́n tètè san owó gbà-má-bínú. Ṣùgbọ́n X kì í ṣe gbígba ilẹ̀ lójú òfin. Ọ̀dà lásán ni. Nítorí náà, aago “kí wọ́n tètè san” kò tíì bẹ̀rẹ̀ fún Màmá Àgbà. Bó bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ní owó ìháyà ilẹ̀ tí èèyàn san lọ́dún náà nìkan ni wọ́n máa dá padà lórí ilẹ̀. Ní ti ilé, wọ́n á ṣírò iye tí wọ́n lè fi kọ́ irú rẹ̀, wọ́n á yọ owó gbígbó kúrò. Òfin náà tún ní ilé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ dá sí i bóyá owó ọ̀hún tó tàbí kò tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ó pọ̀. X ni kò jẹ́ kí wọ́n tún ilé ṣe. Bí wọn ò ṣe tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ló ń gbó. Bó ṣe ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ìjọba máa san ń wálẹ̀. Ẹni tó sàmì sí ilé rẹ ló ń jèrè bí ilé náà ṣe ń bàjẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Yúróòpù?

Ẹ jẹ́ ká wo òkè òkun díẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé òyìnbó gbọ́n jù wá lọ. Ẹ máa rí i níwájú pé àwọn náà ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àmọ́ àìsàn tó ń ṣe Ìkẹ́rẹ́ yìí ti ṣe wọ́n rí, wọ́n sì wá egbòogi sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Nẹ́dálándì. Lóru ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 1953, òkun ya wọ ìlú, èèyàn 1,836 kú. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣe ètò kan ṣoṣo fún gbogbo etí òkun apá ibẹ̀, wọ́n fi òfin dè é. Ó lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn omi ńlá tó wà nítòsí Rotterdam. Ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, kò sẹ́ni tó ní ti ẹgbẹ́ òṣèlú tó ṣáájú ni.

Ètò náà sì ní etí. Níbi tí wọ́n ń pè ní Oosterschelde, wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ dí òkun pa pátápátá. Àwọn apẹja tó ń kó ìṣáwùrú níbẹ̀ fárígá, àwọn tó ń jà fún àyíká dúró tì wọ́n. Ìjọba yí ètò padà: dípò ògiri gbagidi, wọ́n ṣe ìlẹ̀kùn irin 62 tó máa ń wà ní ṣíṣí, tí wọ́n ń tì nígbà tí ìjì bá ń bọ̀ nìkan. Wọ́n ṣí i ní 1986. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn apẹja ò pàdánù omi wọn.

Ní Swítsálándì, ará ìlú fúnra wọn ló dìbò ní 1992 pé kí ìjọba gbẹ́ ihò rélùwéè gba abẹ́ òkè Alps. Wọ́n tún dìbò ní 1998 lórí ibi tí owó rẹ̀ ti máa wá. Ìgbà tó di oṣù Kẹfà 2016, wọ́n ṣí ihò Gotthard, kìlómítà 57, tó gùn jù lágbàáyé nínú irú ẹ̀. Láti ọjọ́ ìdìbò àkọ́kọ́ dé ọjọ́ ìṣílé, ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlélógún, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀.

Àmọ́ Írẹ́lándì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ tiwa jù. Ní 2002, ìjọba wọn gbé ètò ìlò ilẹ̀ jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tó yẹ kó ṣiṣẹ́ títí di 2020. Ó yan ibi méjìdínlógún tí wọ́n máa kó iṣẹ́ àti owó sí, kí gbogbo ayé má baà há mọ́ Dublin. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀lé e: àwọn tí wọn ò dárúkọ ìlú wọn ń kùn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan péré, lóṣù Kejìlá 2003, mínísítà ètò ìnáwó wọn dìde, ó ní àwọn máa kó òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 kúrò ní Dublin lọ sí ibi 53 káàkiri. Mẹ́tàléláàádọ́ta! Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sí nínú ètò tí ìjọba kan náà kọ. Wọ́n pín in bí ẹran iléyá kí kálukú lè rí tiẹ̀ mú relé. Ètò náà kú sọ́wọ́ wọn. Ní 2013 wọ́n pa á tì pátápátá.

Wọn ò jókòó sunkún o. Ní 2018 wọ́n gbé òmíràn kalẹ̀, tó máa dé 2040, wọ́n sì yí nǹkan mẹ́ta padà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé ètò ilẹ̀ àti ètò owó jáde, kí ọ̀kan má baà máa wá èkejì. Wọ́n fi òfin tì í lẹ́yìn. Nígbà tó di 2019, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tó ń yẹ ètò àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wò bóyá ó bá ti orílẹ̀-èdè mu.

Ìlú Ọba ló wá ní ohun tí mo ń wá fún Màmá Àgbà. Òfin ètò ìlú wọn ti ọdún 1990 mọ̀ pé ètò ìjọba lè sọ ilé ẹni di aláìníyelórí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, bí ètò bá ti bo ilé rẹ mọ́lẹ̀, tí o gbìyànjú láti tà á tí ẹnikẹ́ni ò rà á ní owó tó yẹ, o lè kọ ìwé sí àjọ tó ni ètò náà pé, “Ó ti tó. Ẹ rà á.” Oṣù méjì ni wọ́n ní láti takò ọ́. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin á kà á sí pé wọ́n ti gbà láti rà á. Iye tí ilé náà ì bá jẹ́ ká ní kò sí ètò kankan ni wọ́n máa san, kì í ṣe iye tí àmì ti sọ ọ́ dà.

Bẹ́ẹ̀ àwọn náà ń kùnà. Ní oṣù Kẹwàá 2023, Rishi Sunak, olórí ìjọba wọn nígbà náà, fagi lé apá ọ̀nà rélùwéè HS2 tó yẹ kó lọ láti Birmingham sí Manchester. Ìlú Manchester gan-an ló ti kéde rẹ̀! Ìbànújẹ́ ni fún ọ̀pọ̀ ìlú tó ti ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ra ọ̀pọ̀ ilé àti oko lójú ọ̀nà náà, ẹni tí wọ́n rà tiẹ̀ kò jókòó ti X fún ọdún mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ dé ilé

Èkìtì ti mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn má sí nínú máàpù ẹlòmíì. Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ rélùwéè láti Èkó ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì forí lé Ìlọrin. Kò yà sọ́wọ́ ọ̀tún wá sọ́dọ̀ wa. Láyé òde òní, wọ́n ṣí ti Wàrì sí Ìtakpẹ́ ní 2020, wọ́n ṣí tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn ní 2021. Èkìtì wà láàárín méjèèjì, kò sí irin kan tó gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹrù wa, títì ló ń gbà, títì náà sì rèé níwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá Àgbà.

Bí kò bá sí máàpù àjọṣe, kálukú á máa ṣe tiẹ̀. Àkúrẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Èkìtì kọ́ tirẹ̀ sí Adó, wọ́n ṣí i ní 2022. Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, Ògùn kọ́ tirẹ̀ sápá Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Mi ò sọ pé pápákọ̀ òfurufú burú. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ìgbà wo ni àwọn aládùúgbò mẹ́rin yìí jókòó pọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀? Ẹni tó fẹ́ gbé tòmátì wọkọ̀ òfurufú l'Adó ṣì máa kọ́kọ́ gba ọ̀nà oko jáde.

Àwọn kan á ní Àbújá ni kí a bá wí. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ 2003 tó dà bí ìṣòro yẹn, kọ́kọ́rọ́ ló tún jẹ́. Bí ètò ìlò ilẹ̀ bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, kò sí àṣẹ tí à ń dúró dè. Lóṣù Kẹta 2023 náà, àtúnṣe ìwé òfin gba ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣe rélùwéè tiwọn. Agbára ti wà nílẹ̀. Ìlò ló kù.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé a lè béèrè fún.

Èkíní, kí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ya máàpù kan ṣoṣo: ibi tí ọ̀nà ńlá máa gbà, ibi tí irin máa gbà, pápákọ̀ òfurufú tó máa sin ta ni, oko tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí. Kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di òfin, kí gómìnà tuntun má baà dé kó ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Àjọ DAWN ti wà ní Ìbàdàn fún irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà fọwọ́ sí òfin tó dá Àjọ Ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù sílẹ̀ ní 2025. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó kò lè dára ní ẹ̀gbẹ́ kan kó bàjẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni jèrè rẹ̀.

Èkejì, kí X ní ọjọ́ ikú. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ṣòro láti tún ṣe, torí wọ́n ti so ó mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n òfin ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ilé aṣòfin Èkìtì lè kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé: ẹni tó bá sàmì sí ilé gbọ́dọ̀ fún onílé ní ìwé tó ní orúkọ iléeṣẹ́, ìdí àti ọjọ́. Bí ọdún mẹ́ta bá pé láìsí owó, àmì náà ti kú, onílé lè tún ilé rẹ̀ ṣe, kó sì gbà ìwé àṣẹ tó bá yẹ. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀ láti ṣe òfin yẹn.

Ẹ̀kẹta kàn wá gan-an, àwa tí à ń ka èyí lórí fóònù. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 sọ pé bí o bá kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. O ò ní láti sọ ìdí tí o fi ń béèrè. Èkìtì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ òfin yìí di tirẹ̀, lọ́dún 2011 yẹn náà. Ṣé a óò máa fi yangàn lásán ni? Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìṣẹ̀, dé Ẹmùrẹ́, ìdílé tí X bá wà lára ilé wọn lè kọ lẹ́tà ojú ìwé kan: Ta ló sàmì yìí? Lábẹ́ ètò wo? Ìgbà wo lẹ máa san? Ẹ kọ ọ́ fún àwọn òbí yín. Ẹ ya fọ́tò X náà mọ́ ọn.

Èmi ti kọ tiwa. Lẹ́tà méjì ni, ọ̀kan lọ sí Àbújá, ọ̀kan lọ sí Adó. Màmá Àgbà buwọ́ lu méjèèjì, wọ́n fara balẹ̀ kọ orúkọ wọn ní kíkún. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ìdáhùn máa wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wo ẹ̀yìnkùlé. Páànù tuntun ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ra á, wọ́n ti pe káfíńtà.

Mo ní, “Màmá, X yẹn ńkọ́?”

Wọ́n ní òjò ò béèrè bóyá ti àpapọ̀ ni tàbí ti ìpínlẹ̀ kó tó jò sórí ìrẹsì àwọn.